Irin Inú Oró Ejò

Ẹni tí ó bá ti Òkèhò gba ọ̀nà Ìlérò nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ yóò rí àwọn àgbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì tí wọ́n tẹ̀ba sórí ebè. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni gbogbo agbègbè náà. Igi kò dí níbẹ̀ bí ti ilẹ̀ ẹgàn, ṣùgbọ́n koríko ga, òkúta sì wà káàkiri. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn. Koríko àti ihò òkúta yìí ni eku fẹ́ràn, ibi tí eku bá sì pọ̀ sí ni ejò ń wá oúnjẹ lọ. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ ti ń kọ ebè ni ó ń fi ojú ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ejò ni ó ń sá bí ó bá gbọ́ ìró ènìyàn. Paramọ́lẹ̀ kì í sá. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ ìwà rẹ̀. Á pa ara mọ́ ilẹ̀ jẹ́ẹ́ láàárín ewé gbígbẹ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ, títí ẹni tí kò rí i yóò fi gbé ẹsẹ̀ lé e.

Paramọ́lẹ̀ ní ìbátan kan tí kò tó o ní títóbi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Echis ocellatus. Kì í sábà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Bí ó bá ń bínú, á ká ara jọ, á sì máa fi ìpẹ́ ha ìpẹ́, ìró rẹ̀ á wá dún ṣìn-ìn bí ìgbà tí omi bá ta sínú agbada gbígbóná. Ejò kékeré yìí ni ó ń ṣe ọṣẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ ọ̀dàn àríwá Nàìjíríà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni oró ejò ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé, àwọn àgbẹ̀, darandaran àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Síbẹ̀, ọdún 2017 ni Àjọ náà tó ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì. Bóyá nítorí pé àwọn tí ejò ń ṣán kì í gbé ìlú ńlá ni.

Ohun tí oró àwọn ejò ìdílé paramọ́lẹ̀ ń ṣe nínú ara burú jọjọ. Ẹsẹ̀ tí ejò ṣán á wú, ẹ̀jẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti inú àwọn iṣan tín-ín-rín tí ó gbé e. Bí ó bá jẹ́ Echis ni, ẹ̀jẹ̀ lè máa sun láti èrìgì, nítorí pé ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti run tán nínú ara. Àwọn dókítà ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mọ èyí, kò sì gba owó púpọ̀. Wọn á fa ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀n mìlílítà méjì sínú ìgò kékeré tí ó mọ́, wọn á gbé e kalẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú láìmì í, lẹ́yìn náà wọn á dojú rẹ̀ dé. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ṣàn jáde bí omi, oró ti wọlé. Ìdí nìyí tí gbẹ́rẹ́ sínsín sí ojú ibi tí ejò ṣán fi léwu: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè dì, a kì í tún ṣí ojú ọgbẹ́ mìíràn sí i lára.

Kí ni ó wà nínú oró náà tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀? Oró kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àkópọ̀ ni, bí àgbo, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni pròtéènì, irú ohun kan náà tí ó wà nínú ẹran, ẹ̀wà àti ẹyin. Pròtéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn gígùn. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ni ó wà, bí a bá sì ti tò wọ́n ni okùn náà yóò ṣe ká ara rẹ̀ jọ, tí yóò lọ́, tí yóò yí, títí yóò fi ní ìrísí tirẹ̀, pẹ̀lú ihò àti kọ̀rọ̀. Ìrísí yìí ni ó ń fún un ní iṣẹ́. Àwọn kan ń gbé ẹrù, àwọn kan ń so nǹkan pọ̀, àwọn kan sì ń gé nǹkan. Nínú oró àwọn ìdílé paramọ́lẹ̀, àwọn agénǹkan ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ ibi náà. Wọ́n ń já àwọ̀n tín-ín-rín tí ó di ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ mú, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jò.

Pròtéènì agénǹkan yìí ní ìlẹ̀kẹ̀ bí 200, àwọn átọ́mù tí ó wà nínú rẹ̀ sì ju 1,500 lọ, láìka háídírójìn. Ṣùgbọ́n láàárín gbogbo ọ̀pọ̀ wọ̀nyí, átọ́mù síńkì kan péré ni ẹnu rẹ̀. Síńkì yìí kan náà ni àwọn tí ń ṣe páànù ilé fi ń bo irin kí ó má baà dípẹtà. Ti inú oró kò dán bí ti orí páànù, nítorí ó ti sọ ẹ̀lẹ́ktírọ̀nù méjì nù, ó sì ru agbára iná tí a ń kọ báyìí: 2+. Átọ́mù tí ó bá ti sọ ẹ̀lẹ́ktírọ̀nù nù, tàbí tí ó ti gba àfikún, ni a ń pè ní íọ́ọ̀nù.

Ẹni tí ó mọ ọkọ́ kò ní ṣàì lóye ọ̀rọ̀ yìí. Èèkù ni ó tóbi, igi sì ni. Ojú ọkọ́ kéré, irin ni. Bí a bá yọ irin náà, èèkù ṣì lè jọ ọkọ́ lójú ẹni tí ó wà lókèèrè, ṣùgbọ́n kò lè kọ ebè kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni agénǹkan inú oró. Bí a bá mú síńkì kúrò nínú rẹ̀, kò lè já ohunkóhun mọ́.

Báwo ni ènìyàn ṣe wá mọ ohun tí ojú kò lè rí? Àwọn onímọ̀ ń mú kí pròtéènì dì bí iyọ̀ ti í dì, wọn á wá tan ìtànṣán ẹ́síréè sí i, láti inú bí ìtànṣán náà ti ń tú ká ni wọ́n ti ń ṣírò ipò átọ́mù kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1958 ni John Kendrew àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge kọ́kọ́ rí ìrísí pròtéènì kan báyìí, èyí tí ń tọ́jú ọ́síjìn nínú ẹran ara àbùùbùtán. Ohun ìyanu ni pé irin wà láàárín rẹ̀, irin gidi, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ ń rọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, ni irin ti wà nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 1971 ni a dá ilé ìpamọ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Protein Data Bank, tí a ń kó irú àwòrán wọ̀nyí sí. Méje péré ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà. Lónìí wọ́n ti ju 200,000 lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn kan ọ̀rọ̀ ejò wa gan-an. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì tẹ ìrísí pròtéènì tí a ń pè ní adamalysin II jáde. Inú oró ejò Amẹ́ríkà kan ni wọ́n ti rí i, ejò tí ó ní ohun bí ṣaworo ní ìdí ìrù, tí ó sì jẹ́ ìbátan paramọ́lẹ̀. Nínú àwòrán náà, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta tí orúkọ wọn ń jẹ́ hísítídìn, èyí tí ó wà ní ipò 142, 146 àti 152 lórí okùn, ni ó gba síńkì dúró láti ìhà mẹ́ta bí ààrò mẹ́ta ti í gba ìkòkò. Ohun kẹrin tí ó fara kàn án ni ẹ̀kán omi kan ṣoṣo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà ni ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn wà, glútámétì, ní ipò 143. Síńkì àti glútámétì yìí ni ó ń pọ́n omi náà bí a ti ń pọ́n àdá, omi tí a pọ́n yìí ni ó sì ń já okùn pròtéènì ara ènìyàn.

Àwọn tí ń wá oògùn ejò kò lè fi ọwọ́ dán gbogbo egbòogi àti kẹ́míkà ayé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Wọn á gbé àwòrán pròtéènì sínú rẹ̀, wọn á gbé ti oògùn náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú, kọ̀ǹpútà á wá máa yí oògùn náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí ń dán kọ́kọ́rọ́ wò nínú àgádágodo, títí yóò fi sọ èyí tí ó bá ihò náà mu jù. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé àwòrán náà sí kọ̀ǹpútà bí ó ti ti ilé ìpamọ́ dé. A ní láti tọ́jú rẹ̀ kí a tó lò ó, níbi ìtọ́jú yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ìwé tí ó ń ti ilé ìpamọ́ náà wá jọ ìwé ìkànìyàn. Átọ́mù kan ni ó ni ìlà kan, níbẹ̀ ni a kọ orúkọ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀, àti nọ́mbà mẹ́ta tí ń sọ ibi tí ó dúró sí. Àwọn átọ́mù tí ó jẹ́ ti okùn pròtéènì fúnra rẹ̀, ATOM ni a kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà wọn. Àwọn yòókù, ìbáà ṣe omi, iyọ̀, oògùn tàbí irin, HETATM ni a kọ sí tiwọn. A lè pe àwọn ti àkọ́kọ́ ní onílé, kí a pe àwọn ti ìkejì ní àlejò. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà ni a sábà máa ń kọ́ pé kí ó kọ́kọ́ gbá ilé mọ́, kí ó lé gbogbo àlejò jáde kí ihò tí oògùn yóò wọ̀ lè ṣófo. Ìmọ̀ràn yìí dára fún ọ̀pọ̀ pròtéènì. Fún agénǹkan inú oró, ìparun ni, nítorí orúkọ àlejò ni a fún síńkì nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àlejò rárá. Òun ni ojú ọkọ́.

Ohun tí ó mú èyí burú ni pé kọ̀ǹpútà kì í ké. Ohun tí a bá gbé fún un ni yóò ṣírò. Yóò rí ihò òfìfo tí hísítídìn mẹ́ta yí ká, yóò fi oògùn sínú rẹ̀, yóò sì fún un ní máàkì, bóyá máàkì tí ó ga pàápàá. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ihò tí ó ṣírò kò sí nínú ejò kankan láyé.

Bí a bá dá síńkì sí, iṣẹ́ kò tí ì parí. Ọ̀rọ̀ háídírójìn ni ó ṣòro jù. Ìtànṣán ẹ́síréè kì í sábà fi háídírójìn hàn, nítorí náà ètò kọ̀ǹpútà ni yóò fi wọ́n kún un. Hísítídìn ní náítírójìn méjì lára òrùka rẹ̀. Háídírójìn lè wà lórí ọ̀kan, ó lè wà lórí èkejì, ó sì lè wà lórí méjèèjì. Náítírójìn tí ó kọjú sí síńkì ti fi ọwọ́ rẹ̀ di síńkì mú, kò sí àyè fún háídírójìn níbẹ̀ mọ́. Orí náítírójìn kejì ni ó yẹ kí ó wà. Ṣùgbọ́n bí ètò náà kò bá ka síńkì sí, á fi háídírójìn sí ibi tí ó bá wù ú. Àyè tí ó wà láàárín síńkì àti náítírójìn kò ju ángsírọ́ọ̀mù méjì lọ, tàbí kí ó fi díẹ̀ lé e. Ángsírọ́ọ̀mù kan ni ìwọ̀n tí a ó rí bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù mẹ́wàá. Háídírójìn tí ó bá dúró sí agbede méjì àyè tóóró bẹ́ẹ̀ á máa ti síńkì jáde, bí òkúta tí a fi sáàárín ìkòkò àti ààrò. Nígbà tí a bá mú kí pròtéènì náà máa mì nínú kọ̀ǹpútà bí ó ti ń mì nínú ara, síńkì á rìn kúrò ní ipò rẹ̀, gbogbo ìṣirò á sì dàrú.

Agbára iná rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ètò kan wà tí ó jẹ́ pé òdo ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ síńkì, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò agbára iná kò mọ irin. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ṣí ìwé náà, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tí ó tọ́ síbẹ̀. Ní ọdún 2014 ni àwọn tí ó ní ètò AutoDock gbé ọ̀nà pàtàkì kan jáde fún síńkì nìkan, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ìhà tí ó yẹ kí oògùn ti na ọwọ́ sí i. Irin gidi tún ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ 2+, ó sì lè jẹ́ 3+, ìwé ìpamọ́ kì í sì sábà sọ èyí tí ó jẹ́.

Ti omi kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá fẹ́ wo bí agénǹkan ṣe ń gé, omi kẹrin yẹn gbọ́dọ̀ dúró. Bí ó bá jẹ́ oògùn tí yóò fúnra rẹ̀ di síńkì mú ni a ń dán wò, ó yẹ kí omi náà kúrò, nítorí oògùn náà ni yóò gba ìjókòó rẹ̀.

Àwọn irin mìíràn sì wà tí wọ́n jẹ́ àlejò ní tòótọ́. Iyọ̀ oríṣiríṣi ni a fi ń mú kí pròtéènì dì, átọ́mù rẹ̀ kan lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pròtéènì, kí ìtànṣán sì yà á pẹ̀lú. Sódíọ̀mù báyẹn kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe nínú ejò. Kálísíọ̀mù ni ó gba ìrònú. Ó wà lára adamalysin II náà, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ẹnu agénǹkan. Ẹni tí ń dán oògùn wò ní ojú ihò lè má nílò rẹ̀ púpọ̀, ẹni tí ó fẹ́ kí pròtéènì náà máa mì kò gbọdọ̀ yọ ọ́. Nínú pròtéènì oró mìíràn tí ń ba ọ̀rá ara jẹ́, kálísíọ̀mù kan náà yìí ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́, a kò sì lè fọwọ́ kàn án. Orúkọ irin kan náà ni, ipò rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Kò sí òfin kan tí ó lè dípò kí ènìyàn wo ibi tí irin náà dúró sí, kí ó wo ohun tí ó yí i ká, kí ó sì wọn àyè àárín wọn.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe láǹfààní? Oògùn apa-oró wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní Kàltúńgò, ní Ìpínlẹ̀ Gombe, ni a ti dán méjì wò lára 400 ènìyàn tí Echis ṣán, ọ̀kan láti Wales tí a ṣe láti ara àgùntàn, èkejì láti Kósítà Ríkà tí a ṣe láti ara ẹṣin, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Méjèèjì mú kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn padà máa dì. Ṣùgbọ́n inú iṣan ni a ń fa oògùn yìí sí, ó wọ́n, ó sì fẹ́ dókítà nítòsí, nítorí ó lè gbé ara ẹlòmíràn sódì. Oko kì í sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn. Ohun tí àgbẹ̀ nílò ni ohun tí ó lè gbé mì lójú ẹsẹ̀, lórí ebè níbẹ̀, kí wọ́n tó fi alùpùpù gbé e lọ.

Níbí ni irin náà ti di ibi tí a lè gbá oró mú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ṣe oògùn kan tí ń di irin mú nínú ara, nítorí gáàsì olóró tí wọ́n rò pé àwọn ọ̀tá yóò lò. Láti inú rẹ̀ ni a ti rí àwọn mìíràn tí ń fa òjé àti mákúrì kúrò nínú ara. Ọ̀kan nínú wọn ni a lò ní Zamfara láti ọdún 2010, nígbà tí òjé inú òkúta wúrà pa ọ̀pọ̀ ọmọdé níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Liverpool bi ara wọn léèrè pé, oògùn tí ó lè di òjé mú, ṣé kò lè já síńkì gbà lọ́wọ́ agénǹkan inú oró? Ní ọdún 2020 wọ́n tẹ èsì wọn jáde: unithiol, tí ó jẹ́ ìbátan èyí tí a lò ní Zamfara, dáàbò bo eku lọ́wọ́ oró Echis ocellatus, kódà nígbà tí a fún wọn ní ẹnu. Lẹ́yìn náà ni a dán ìwọ̀n rẹ̀ wò lára àwọn tí ara wọn le ní Kẹ́ńyà. Oògùn kejì ni marimastat, tí a kọ́kọ́ ṣe nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Òun kì í já síńkì gbà, ṣe ni ó ń jókòó lé e lórí, tí ó fi ọ́síjìn méjì dì í mú. Ẹni tí ó bá yọ síńkì kúrò nínú àwòrán, kí ó tó wá irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kò lè rí i láéláé.

Ìṣòro tuntun kan tún ti dé. Láti ọdún 2021 ni ètò AlphaFold ti ń fúnni ní àwòrán pròtéènì tí ẹnikẹ́ni kò tí ì tan ẹ́síréè sí, títí kan ọ̀pọ̀ ti inú oró ejò. Àwòrán náà dára, hísítídìn mẹ́ta máa ń dúró ní ipò wọn bí ààrò. Ṣùgbọ́n ìkòkò kò sí lórí wọn, nítorí àwòrán tí ó wà nínú àkójọ náà kò ní irin nínú. Ẹ̀dà kẹta ètò náà, tí ó jáde ní ọdún 2024, ni ó tó lè gbé íọ́ọ̀nù sí àyè rẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú pròtéènì Echis láti inú àkójọ yẹn yóò gbé adamalysin II ti ọdún 1993 lé e lórí, yóò sì yá síńkì lọ́wọ́ ejò Amẹ́ríkà. Yóò wọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti síńkì dé náítírójìn, kí ó rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn súnmọ́ ángsírọ́ọ̀mù méjì. Yóò wo háídírójìn hísítídìn kọ̀ọ̀kan bóyá ìhà kejì ni ó wà. Yóò kọ 2+ sí ibi tí ètò náà kọ òdo sí. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó gbé oògùn àkọ́kọ́ sí ojú ihò náà.